Sí Olóòtú: Ọba Ló Fẹ́ Ẹ, Ta Ló Bi Obìnrin Náà Léèrè?

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá, Ọlọ́run á máa fún yín lókun ṣe é.

Lẹ́tà bàbá kan tẹ́ ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí ló jẹ́ kí n mú bírò. Bàbá ní àwọn fíìmù Kòríà táwọn ọmọbìnrin wa ń wò lórí fóònù ló ń sọ wọ́n di alágídí, wọn ò fẹ́ gbọ́ tẹnu ọkọ mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin ààfin Kòríà ayé àtijọ́ tí fíìmù ń sọ ìtàn wọn gan-an, onítẹríba ni wọ́n, ọba kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀ títí wọ́n fi kú, wọn kì í gbójú sókè wo ọkùnrin míì, ó ní ìfẹ́ tòótọ́ nìyẹn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kà á sókè, bóyá ojú mi ni ò ríran dáadáa. Ohun tí bàbá kọ náà nìyẹn.

Ká má parọ́, àwa náà ń wo fíìmù yẹn. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe níbí ní Òṣogbo, ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ló wà lọ́dọ̀ mi, tí wọ́n bá ti múná lọ tí mẹ́ṣíìnì ò lè ṣiṣẹ́, a ó kó àwọn aṣọ tó ku ká fọwọ́ ká etí ẹ̀ jọ, wọ́n á gbé fóònù ti páálí òwú, a ó jókòó yí i ká, abẹ́rẹ́ ń lọ, ojú ń wòran. Lọ́jọ́ kan wọ́n ń wo èyí tí ọmọ ọba ti ń bẹ ọmọbìnrin ààfin kan pé kó wá fẹ́ òun, ọmọbìnrin náà ní rárá. Háà! Ṣọ́ọ̀bù dàrú. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pariwo pé "ọmọ ọba! ọmọ ọba ló ń bẹ ìwọ yìí, o wá ń ṣe nǹkan!", ibi tó ti ń bínú sí ọmọ ọlọ́mọ lórí fóònù ló ti fabẹ́rẹ́ gún ara ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì kán sórí léèsì funfun tí oníbàárà mi fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó bá ti ránṣọ rí mọ̀ pé ẹ ò gbọdọ̀ fomi gbóná kàn án, omi tútù ni, pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀, ẹ ó kàn máa rọra tẹ̀ ẹ́ ni, ẹ ò gbọdọ̀ bó o. Bí mo ṣe ń tẹ léèsì yẹn lábẹ́ omi ni mò ń rò ó lọ́kàn pé kí ló dé gan-an tí ọmọ yẹn fi ní rárá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà tó jẹ́ tíṣà ìtàn, òun ni mo lọ bá. Ó ní ẹ̀gbọ́n, ìtàn gidi ni o, kì í ṣe pé wọ́n kàn jókòó hun ún. Àwọn ọba Joseon, ìyẹn ìdílé tó jọba ní Kòríà láti 1392 títí di 1910, wọ́n ní àwọn akọ̀wé tí iṣẹ́ wọn ò ju pé kí wọ́n máa kọ ohun tí ọba bá ṣe àtohun tó bá sọ sílẹ̀, ọba fúnra ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ yọjú wo ohun tí wọ́n ń kọ. Torí náà ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò yìí, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀, inú ìwé ààfin fúnra wọn ló ti jáde, kì í ṣe pé èmi télọ̀ Òṣogbo ni mo lọ ba ọba onílẹ̀ lórúkọ jẹ́.

Seong lorúkọ ìdílé obìnrin yẹn, oyè tí wọ́n wá fi í jẹ ní Uibin. Ọdún 1753 ni wọ́n bí i, kékeré ló ti wọ ààfin, ìyá àrẹ̀mọ gan-an ló gbà á tọ́ lọ́dọ̀ ara ẹ̀. Àrẹ̀mọ yìí ló padà di Ọba Jeongjo. Ní 1766, àwọn méjèèjì ò tíì pé ogún ọdún, ọmọdé ni wọ́n ṣì jẹ́, àrẹ̀mọ ní òun fẹ́ ẹ. Ọmọbìnrin bú sẹ́kún. Ó ní ìyàwó tí wọ́n fẹ́ fún àrẹ̀mọ nílé ò tíì bímọ, òun wá fẹ́ lọ jókòó sórí ẹní ẹ̀, ó ní òun á kú kí òun tó gbà. Àrẹ̀mọ gbà fún un, ó fi í sílẹ̀. Ibi yìí wú mi lórí, mi ò ní purọ́, ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó dàgbà ju ìyẹn lọ ni ò lè gba rárá lẹ́nu obìnrin.

Nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀ yẹn, ó ń gbé ayé ẹ̀ lọ. Ní 1773, òun àtàwọn obìnrin ààfin kan àtàwọn àbúrò àrẹ̀mọ lóbìnrin jókòó ti ìwé ìtàn gígùn kan, wọ́n fọwọ́ dà á kọ, ìdìpọ̀ mẹ́wàá gbáko, ìwé náà ṣì wà títí dòní. Èmi máa ń ro ìyẹn gan-an, pé obìnrin kan jókòó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, gègé lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò pè é, wọ́n ń kọ ìtàn.

Bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá lẹ́yìn rárá àkọ́kọ́ yẹn, ọmọkùnrin ti jọba, 1776 ló gorí ìtẹ́, ó tún padà lọ bá a. Obìnrin tún ní rárá. Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀. Kì í ṣe ọmọdé mọ́ báyìí o, ó ti ń lọ sí ọgbọ̀n ọdún, ó mọ ààfin bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ ara ẹ̀, ó mọ ohun tójú àwọn ìyàwó ọba ń rí nínú ilé yẹn, ó sì wo ọba lójú, ó ní rárá. Kí wá ni ọba ṣe? Ó fìyà jẹ ìránṣẹ́ tó ń sin Seong. Seong kọ́ ni wọ́n fìyà jẹ o, ìránṣẹ́ ẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ló wá gbà.

Ẹ máa rò pé ọ̀tá ọba ló kọ èyí. Jeongjo fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́, nínú ọ̀rọ̀ tó kọ sí ibojì obìnrin náà nígbà tó kú, tó ń sunkún tó sì ń kọ ọ́. Kò fi pa mọ́, bóyá kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí òun fi pa mọ́. Ó rò pé ìwà rere obìnrin náà lòun ń ròyìn, pé ẹ wò ó bó ṣe mọ̀wà hù tó, kò sáré sórí ipò. Àwa tá a wá ń kà á lónìí, bá a ṣe ń sunkún la ṣì ń ríran.

Lẹ́yìn tó gbà, ó bímọ ọkùnrin ní 1782, wọ́n sọ ọmọ náà di àrẹ̀mọ, ó tún bí obìnrin ní 1784, ìyẹn ò pé ọdún kan tó fi kú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1786 èéyi pa ọmọkùnrin yẹn, nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà ìyá tẹ̀ lé e, oyún wà nínú ẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló lò láyé. Ọba sin ín sítòsí ọmọ ẹ̀, ibẹ̀ ló ti di pápá ìgbafẹ́ tí wọ́n ń pè ní Hyochang ní Seoul báyìí, àmọ́ nígbà táwọn ará Japan ń ṣèjọba lé wọn lórí wọ́n hú àwọn sàréè yẹn lọ síbòmíì, ìyá àtọmọ ò sì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn mọ́.

Mi ò sọ pé ọba ò fẹ́ràn ẹ̀ o. Ó fẹ́ràn ẹ̀, ó hàn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìfẹ́ ọba ní ẹsẹ̀, ó lè rìn lọ síbi tó bá wù ú, tó bá kọsẹ̀ lára ìlẹ̀kùn ó lè ní kí wọ́n na ẹni tó ti ìlẹ̀kùn. Ìfẹ́ obìnrin ńkọ́?

Ẹ jẹ́ n sọ bí ilé yẹn ṣe rí, torí bàbá tó kọ̀wé ń ṣe bíi pé tẹ́tẹ́ ni wọ́n ta táwọn obìnrin náà fi jẹ ẹ́ débẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Kòríà kan wà ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn tó ń jẹ́ Yi Ik, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé obìnrin 684 ló wà láàfin nígbà tiẹ̀, ìwẹ̀fà 335. Gungnyeo ni wọ́n ń pe àwọn obìnrin yìí. Ọmọ ọdún mẹ́rin làwọn míì tí wọ́n kó wọlé, àwọn míì mẹ́fà, àwọn míì mẹ́wàá. Olúkúlùkù ní yàrá iṣẹ́ tiẹ̀, àwọn tó ń se oúnjẹ, àwọn tó ń fọṣọ, àwọn tó ń pomi ìwẹ̀, èyí tó wá kàn mí ni àwọn ti yàrá ìránṣọ tí wọ́n ń pè ní chimbang, àtàwọn ti subang tí wọ́n ń fabẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ ọnà sára aṣọ ọba. Télọ̀ bíi tèmi! Ọmọ ọdún mẹ́fà méje, abẹ́rẹ́ ti wà lọ́wọ́ ẹ̀, ìka ẹ̀ ò tíì ju èèpo ẹ̀pà lọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọ tó bá lo ọdún mẹ́ta á ṣe fírídọ́ọ̀mù. Gbogbo yín mọ bá a ṣe ń ṣe é, a ó pe ẹbí, a ó se ìrẹsì, a ó wọ aṣọ kan náà, màá gbàdúrà fún un, màá gbé sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́, ó di ọ̀gá ara ẹ̀ nìyẹn, ó fẹ́ lọ sí Èkó ni o, ó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kó gba oníbàárà mi ni o, kò kàn mí mọ́. Àwọn ọmọ ààfin Joseon náà ní tiwọn. Tí wọ́n bá lo nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n á ṣe ayẹyẹ fún un, wọ́n á wọṣọ ìyàwó fún un, wọ́n á di irun ẹ̀ bíi ti abilékọ, ẹbí á gbé oúnjẹ wá láti ilé. Ìyàwó ti múra tán, ọkọ ò sí. Ṣé wọ́n ní ọba ló ni gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọba ò ní fojú rí ní gbangba títí ayé ẹ̀ á fi parí. Fírídọ́ọ̀mù tiwọn nìyẹn, ọjọ́ tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n tì í pátápátá ni wọ́n ń jó fún.

Tó bá wá darúgbó, tàbí tó ṣàìsàn tó le, wọ́n á gbé e jáde, torí ẹ̀jẹ̀ ọba nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kú sáàfin. Wọ́n gba gbogbo ayé ẹ̀ tán, ikú ẹ̀ nìkan ni wọn ò fẹ́.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín tó tún fẹ́ẹ̀ pa mí lẹ́kún ni tòjò. Tí ọ̀dá bá dá tí òjò ò rọ̀ tí ìrẹsì ń gbẹ lóko, àwọn ọba máa ń tú lára àwọn obìnrin yìí sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ sílé. Wọ́n gbà pé ìbànújẹ́ àwọn obìnrin tí ò rí ọkọ fẹ́ nínú ààfin ti pọ̀ jù, ó ti gòkè lọ dí òjò lọ́nà. Ẹ gbọ́ o! Wọ́n mọ̀. Àwọn tó ń ṣe é mọ̀ pé ìyà ni, wọ́n tiẹ̀ gbà pé ìyà náà tó ohun tó lè dá òjò dúró lójú ọ̀run. Síbẹ̀ èyí tí wọ́n tú sílẹ̀ náà, òfin ní ìjòyè tó bá fi í ṣe ìyàwó kékeré, ọgọ́rùn-ún ẹgba ló máa jẹ. Òjò ti rọ̀, obìnrin wà nílé, kò lọ́kọ, kò láàfin.

Èyí tó bá wá gbójú tó lọ fẹ́ ọkùnrin látìta, òfin tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1746 sọ ọ́ kedere: òun àti ọkùnrin náà, wọ́n á bẹ́ wọn lórí, wọn ò ní dúró de àkókò tí wọ́n máa ń dúró dè fáwọn ọ̀daràn yòókù. Tó bá lóyún ńkọ́? Wọ́n á jẹ́ kó bí i. Obìnrin míì tó bá dẹ́ṣẹ̀ ikú tó lóyún, òfin ní kí wọ́n jẹ́ kó lo ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lẹ́yìn ìbímọ kí wọ́n tó pa á, kó lè fọ́mọ lọ́mú díẹ̀. Obìnrin ààfin, wọ́n ní rárá, tó bá ti bí i tán kí wọ́n pa á. Mo bímọ méjì. Mo ka ibẹ̀ yẹn, mo ní kí wọ́n pa fóònù, ká gbájú mọ́ṣẹ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ dùn mí jù lẹ́yìn Seong ni Deokjung. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ni, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà lèmi náà ń kọ yìí. Ọba Sejong ló ṣe álífábẹ́ẹ̀tì fáwọn ará Kòríà, ó kéde ẹ̀ ní 1446, torí lẹ́tà Ṣáínà tí wọ́n ń kọ tẹ́lẹ̀ le fún mẹ̀kúnnù. Àwọn ọkùnrin ọ̀mọ̀wé fojú di álífábẹ́ẹ̀tì yìí, wọ́n ní tàwọn obìnrin ni. Ó dáa, àwọn obìnrin sì gbà á. Deokjung yìí ti wà lọ́dọ̀ Ọba Sejo, ọmọ Sejong, látìgbà tí Sejo ò tíì jọba, ó tiẹ̀ ti bímọ fún un, ọmọ kú. Ọba ò wá a wá mọ́. Ní 1465, obìnrin yìí kọ lẹ́tà ìfẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ìdílé ọba, ọmọ àbúrò ọba gan-an, Yi Jun lorúkọ ẹ̀. Ó fi álífábẹ́ẹ̀tì tuntun yẹn kọ ọ́, ó fún àwọn ìwẹ̀fà kí wọ́n bá òun gbé e lọ. Yi Jun rí lẹ́tà, ẹ̀rù bà á, ó lọ fi han bàbá ẹ̀, bàbá àtọmọ jọ lọ bá ọba, wọ́n ní kábíyèsí, ẹ wò ó o, a ò mọwọ́ a ò mẹsẹ̀. Wọ́n so obìnrin náà rọ̀ títí ó fi kú. Àwọn ìwẹ̀fà tó gbé lẹ́tà, wọ́n lù wọ́n pa. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwa máa ń sọ pé ẹni tó gbépo lájà ò jalè tó ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, àwọn ìwẹ̀fà yẹn ò tiẹ̀ gba epo kankan, ìwé pẹlẹbẹ ni wọ́n gbé.

Ká má sọ pé ọ̀dọ́kùnrin yẹn burú o, èmi ò sí níbẹ̀, tó bá gbé lẹ́tà yẹn sápò orí tiẹ̀ náà lè lọ. Mo kàn fẹ́ kí bàbá tó ní obìnrin ààfin kì í gbójú sókè mọ̀ pé wọ́n ń gbójú sókè. Wọ́n ń gbé e sókè gan-an. Ọrùn tó gbé ojú sókè ni wọ́n ń já.

Tàwọn ìyàwó àrẹ̀mọ wá ńkọ́, àwọn tó jẹ́ ìyàwó tó lójú, tí wọ́n gbé wọlé pẹ̀lú ìlù? Sejong yẹn náà, ọlọgbọ́n ọba, fẹ́ ìyàwó méjì lé ara wọn fún ọmọ ẹ̀ tó jẹ́ àrẹ̀mọ nígbà yẹn (kì í ṣe Sejo o), ó sì lé àwọn méjèèjì. Ti àkọ́kọ́, ti ìdílé Kim, àrẹ̀mọ ò wo apá ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ọmọbìnrin náà bá lọ ń wá oògùn. Ìránṣẹ́ ẹ̀ kan kọ́ ọ pé kó gé lára bàtà àwọn obìnrin tí àrẹ̀mọ fẹ́ràn, kó jó o, kó po eérú ẹ̀ mọ́ ọtí fún un mu, ìfẹ́ á yí sọ́dọ̀ òun. Àṣé kò síbi tí wọn ò ti ń ṣe é! Wọ́n ká a mọ́ ọn, wọ́n lé e ní 1429, wọ́n bẹ́ ìránṣẹ́ tó kọ́ ọ lórí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo dé ibi eérú bàtà. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn nígbà tí mo dé ibi ìránṣẹ́.

Ìkejì ti ìdílé Bong ni. Wọ́n mú un wọlé lọ́dún kan náà, wọ́n gbé ìwé kan fún un tó ń kọ́ obìnrin ní ìwà ìyàwó rere, ó ka díẹ̀, ó jù ú nù. (Bàbá, ẹ má dá mi lóhùn níbí.) Àrẹ̀mọ ò wo tòun náà, àwọn ìyàwó kékeré ló ń lọ bá. Bong bẹ̀rẹ̀ sí í mutí, ó ń sunkún lóru débi tí gbogbo ààfin ń gbọ́, nígbà tó yá ó wá fẹ́ràn ọmọbìnrin kan tó ń bá a ṣiṣẹ́, So-ssang, wọ́n jọ ń sùn bíi tọkọtìyàwó, tí So-ssang bá sì lọ sọ́dọ̀ ọmọ-ọ̀dọ̀ míì ó máa ń jowú ẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé yín máa yí ojú níbí. Ẹ yí i, àmọ́ ẹ kà á dé ìparí. Ọba pe So-ssang, ó bi í, ó sọ ọ́. Sejong fúnra ẹ̀ sọ pé òun ti ń gbọ́ nípa irú nǹkan yìí láàárín àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ ààfin, pé òun kórìíra ẹ̀, ẹni tí wọ́n bá mú, àádọ́rin ẹgba, tí kò bá jáwọ́, ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n tì mọ́ inú ilé kan, tí wọ́n fi òfin bo ojú ọ̀nà ọkùnrin, tí wọ́n bá wá di ara wọn mú nínú òkùnkùn, wọ́n tún na wọ́n. Ní 1436 wọ́n lé Bong. Nínú ìwé tí wọ́n fi kéde ẹ̀, ọba ò jẹ́ kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ So-ssang sí i, ojú ń tì í, àwọn ẹ̀sùn míì ni wọ́n tò síbẹ̀, owú sì wà lára wọn.

Owú! Ẹ̀sùn ni owú lórílẹ̀-èdè yẹn nígbà yẹn. Nǹkan méje ni ọkùnrin lè torí ẹ̀ lé ìyàwó: kó má gbọ́ràn sí ìyá àti bàbá ọkọ lẹ́nu, kó má bímọ ọkùnrin, àgbèrè, owú, àìsàn burúkú, olè, àti ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ o, olóòtú. Èmi tí mo kọ ìwé tó gùn tó báyìí, ọjọ́ kìíní ni wọ́n á ti dá mi padà fún bàbá mi.

Ẹnì kan á ní ààfin nìyẹn, mẹ̀kúnnù ò mọ̀ ọ́n. Ní 1477, ọba Seongjong pe àwọn ìjòyè jọ lórí ọ̀rọ̀ opó, pé ṣé kí obìnrin tí ọkọ ẹ̀ kú tún ọkọ míì fẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìjòyè ní kí wọ́n má fòfin dí i pátápátá, pé ẹlòmíì ò lẹ́ni tó máa bọ́ ọ, ebi á pa á. Àwọn díẹ̀ ló ní kí wọ́n fòfin dè é. Ti àwọn díẹ̀ yẹn ni ọba tẹ̀ lé. Nígbà tí ìwé òfin wọn ńlá jáde ní 1485, ó wà níbẹ̀ pé ọmọ tí opó bá bí fún ọkọ kejì ò lè ṣe ìdánwò iṣẹ́ ìjọba. Ẹ wo ọgbọ́n burúkú, wọn ò na ìyá, ọmọ ẹ̀ ni wọ́n dì lọ́wọ́ mú. Ìránṣẹ́ Seong náà nìyẹn, wọ́n mọ ibi tó ń dun obìnrin. Ó di 1894 kí wọ́n tó gba opó láyè láti tún ọkọ fẹ́.

Mo sọ èyí torí opó lèmi náà. Ọdún kẹsàn-án rèé. Lẹ́yìn tá a ṣe ogójì ọjọ́ ọkọ mi, àwọn mọ̀lẹ́bí ẹ̀ pè mí sí pálọ̀, wọ́n ní wọ́n ti jíròrò, àbúrò ọkọ mi á ṣú mi lópó, wọ́n ti bá àbúrò sọ ọ́, wọ́n ti bá ìyàwó àbúrò sọ ọ́, wọ́n ti bá àwọn ẹ̀gbọ́n mi nílé wa sọ ọ́, wọ́n tiẹ̀ ti ra kóòkì. Mo wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Joseon wọ́n ní opó ò gbọdọ̀ fẹ́ ẹnikẹ́ni, níbí wọ́n ti bá mi fẹ́ ẹni tí màá fẹ́, ó jọ pé wọ́n yàtọ̀ síra wọn, àmọ́ èmi tí mo jókòó sórí àga yẹn mọ̀ pé ìbéèrè kan náà ni wọn ò bi wá. Mo ní rárá. Wọn ò na ìránṣẹ́ mi, mi ò ní, àmọ́ wọn ò sanwó ilé ìwé àwọn ọmọ mọ́ bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Abẹ́rẹ́ yìí ló san án.

Torí náà kí bàbá wa má bínú. Tó bá jẹ́ pé fíìmù Kòríà ló ń kọ́ àwọn ọmọ wa láti ní rárá, ẹni tó kọ́ fíìmù náà ni obìnrin kan tó ní rárá fún ọba lẹ́ẹ̀mejì, ní 1766 àti lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí fíìmù tó dáyé. Ẹ lọ bá a jà ní Seoul.

Ó ku nǹkan kan. Mo parí lẹ́tà yìí lálẹ́ àná, mo kà á fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi láàárọ̀ yìí kí n tó fi ránṣẹ́. Èyí tó dàgbà jù, tó fẹ̀jẹ̀ ba léèsì jẹ́ (léèsì ti mọ́ o, oníbàárà ò mọ nǹkan kan, ẹ má sọ fún un), tó máa ṣe fírídọ́ọ̀mù ẹ̀ ní Dìsẹ́ńbà, kò sọ nǹkan kan títí àwọn yòókù fi dìde. Ó wá ní, màmá, ìránṣẹ́ tí ọba fìyà jẹ yẹn, kí lorúkọ ẹ̀?

Mo padà lọ wo ohun tí Jeongjo kọ sí ibojì. Kò dárúkọ ẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá Télọ̀,
Òṣogbo.